Omi nìkan kọ́ ló ń jò o, ẹ̀yin onísípọ́ọ̀sì káà Abẹ́òkúta

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lókun. Mẹ́káníìkì ni mí, Ọbáńtókò níbí ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ọkọ̀ Jámánì la sì ń ṣe jù. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ kó kú sí mi níkùn. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnì wá bá wa nígbà tó ti bàjẹ́ tán, tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti jó, a á wá bi ẹni tó ni ín pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń sọ: "Omi ló kàn ń jò díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo máa ń bù ú sí i láàárọ̀." Díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn tó lọ́kọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ lè jọ kà á.

Àwọn sípọ́ọ̀sì káà àtijọ́ ló wà lọ́kàn mi jù, torí wọ́n ti ń pọ̀ nílùú yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tówó díẹ̀ ti bọ́ sí lọ́wọ́ ti ń ra tokunbo onílẹ̀kùn méjì, BMW Z3, Mercedes SLK, Toyota Celica, ẹ máa rí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday lápá Ìbarà àti Òkè-Mọ́sàn, wọ́n á ká òrùlé ọkọ̀ sẹ́yìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn. Ọkọ̀ tó rẹwà ni, èmi náà fẹ́ràn wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti dàgbà ni o. Ẹ wo BMW Z3, láti 1995 sí 2002 ni wọ́n fi ṣe é ní Spartanburg ní South Carolina, Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé lógún ọdún, bó ti wù kí bọ́dì ẹ̀ máa dán tó, gbogbo ike tó wà lára ẹ́ńjìnì yẹn ti gbẹ. Ike sì pọ̀ níbẹ̀ o. Ilé tẹmọ́sítáàtì (tẹmọ́sítáàtì ló ń ṣí ọ̀nà omi sí rédíétọ̀, tó sì ń tì í), ike ni. Ọrùn rédíétọ̀ tí họ́ọ̀sì ń wọ̀, ike ni. Táńkì tí wọ́n ń da omi sí, ike. Kódà wọ́tà pọ́mpù, irú èyí tí wọ́n fi sí àwọn kan nínú wọn, abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ tó ń ti omi kiri, ike ni òun náà. Láti ọjọ́ yìí wá lomi gbígbóná ti ń gba inú wọn kọjá, ó ń gbóná ó ń tutù, ó ń gbóná ó ń tutù. Mo ti fọwọ́ kan ọrùn rédíétọ̀ rí tí mo fẹ́ yọ họ́ọ̀sì ẹ̀, mi ò tíì fagbára fà á o, ó kàn fọ́ wúruwùru sí mi lọ́wọ́ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Omi inú ẹ́ńjìnì kì í kàn wà lásán, abẹ́ pùrẹ́ṣọ̀ ló wà. Ìdérí tẹ́ ẹ máa ń ṣí kẹ́ ẹ tó da omi yẹn, sípíríìnì ń bẹ nínú ẹ̀, ó ń ki omi mọ́lẹ̀ ni. Omi tá ò dé, tó bá ti dé digírì 100, ó ti hó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìdérí bá ki í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú pùrẹ́ṣọ̀ bíi 15 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn pùrẹ́ṣọ̀), kò ní hó títí á fi tó nǹkan bíi digírì 120, tẹ́ ẹ bá sì po kọ́ọ̀láǹtì gidi, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnì, mọ́ ọn ní ìdajì-ìdajì ó tún máa lé ní 125. Bẹ́ẹ̀ ibì kan wà nínú tọ́ọ̀pù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fááfù tí èéfín ń gbà jáde, ibẹ̀ gbóná ju ohun tí gééjì ń fi han yín lọ fíìfíì. Pùrẹ́ṣọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí omi hó níbẹ̀.

Ó wá kù kí ihò kékeré kan wà níbì kan. Omi tó ń gba ibẹ̀ jáde lè má tó ìdajì ife lójúmọ́, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i nílẹ̀ torí ara ẹ́ńjìnì gbígbóná ló máa gbẹ sí. Ṣùgbọ́n pùrẹ́ṣọ̀ ti bá a lọ. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbi tí kò yẹ kó ti hó, ooru á gba ipò omi lára irin, irin ibẹ̀ ò sì ní rí nǹkan tó máa mú un tutù mọ́. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù àwọn ọkọ̀ yìí, alumíníọ̀mù kì í fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó máa tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi àti epo á wá pàdé ara wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fa ọ̀pá ìwọ̀n epo tẹ́ ẹ rí i pé epo ẹ́ńjìnì ti dà bí ògì, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù nìyẹn, ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé omi nìkan kọ́ ló ń jò. Ẹni tó ń bu omi sí i láràárọ̀ ń dá omi padà, kò dá pùrẹ́ṣọ̀ padà, ó sì máa rò pé òun ti tọ́jú ọkọ̀.

Ìlú wa yìí gan-an ò ran irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Òkè la fi ń gun òkè. Ẹ kúrò ní Láfẹ́nwá nínú gosílóò, ẹ há sí Ìtòkú, ẹ̀ ń rìn ẹsẹ̀ kan ẹ̀ ń dúró, atẹ́gùn ò fẹ́ sí rédíétọ̀, ẹ wá tẹ iná mọ́ ọn kẹ́ ẹ fi gun òkè. Tí nǹkan kan bá sán lára ẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa hàn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bọ̀dá kan tó ń gbé Àṣẹ́rò. Z3 2.8 ni, onísílíńdà mẹ́fà, ọkọ̀ tó dùn-ún gbọ́ tó bá ń ké. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ ìjà kọ́ la wá sọ. Wọ́n ti yọ tẹmọ́sítáàtì ẹ̀ dànù. Wọ́n ti so fáànù iná ẹ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì kó máa yí láti ìgbà tó bá ti tan ọkọ̀. Wọ́n ti da oògùn adíhò kan sí i, èyí tó máa ń dà bí ẹrẹ̀ nínú rédíétọ̀, ẹnì kan tún ti fi gọ́ọ̀mù dúdú bo ojú gbogbo họ́ọ̀sì. Owó tó ti ná lórí gbogbo ìyẹn ti tó ra pàátì tó yẹ, ó sì ṣì kù. Ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Nígbà tó gbé e dé, mi ò fọwọ́ kan sípánà kankan. Mo ní kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, láàárọ̀ mo wá gbé pùrẹ́ṣọ̀ tẹ́sítà mi jáde. Pọ́mpù ọlọ́wọ́ kékeré kan ni, ó ní gééjì lórí, orí ẹ̀ wọ ibi tí ìdérí omi ń wọ̀. Ẹ máa pọ́mpù ẹ̀ dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí ọkọ̀ yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀, ẹ wá dúró, ẹ wo ọwọ́ gééjì bóyá ó ń wálẹ̀. Tó bá ń wálẹ̀, ibì kan ń jò, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnì tó tutù ò ní gbẹ omi náà mọ́ yín lójú, ibi tó bá ti ń jáde lẹ máa rí i ketekete. Ti bọ̀dá yìí, ọwọ́ gééjì ń rọra wálẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ gbẹ, àfìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ilé tẹmọ́sítáàtì ni mo rí ojú ìsán kan tí kò nípọn ju irun orí lọ, omi ń yọ jáde lójú ẹ̀ ní kínńkínńkín, lábẹ́ ẹ̀ sì rèé, ohun funfun kan ti gbẹ mọ́ irin láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun funfun yẹn, àmì ni, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń kà á, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí ohun funfun tàbí ohun aláwọ̀ ewé tó gbẹ pọ̀n-ún lára ẹ́ńjìnì, omi ti ń gba ibẹ̀ jáde tipẹ́, bó tiẹ̀ gbẹ báyìí.

Àwọn kan máa ń ní kí vọ́kánáísà fi ẹ̀rọ ìfẹ́táyà ẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú rédíétọ̀ láti fi dán an wò. Ẹ̀rọ yẹn lágbára jù, á fọ́ ohun tí kò tíì fọ́ mọ́ ọn. Pọ́mpù ọlọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ tẹmọ́sítáàtì wá kàn, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi o. Àṣà ká máa yọ tẹmọ́sítáàtì dànù yìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mo mọ ohun tí a máa ń sọ, pé òyìnbó ló nílò ẹ̀ torí òtútù ìlú wọn, pé ilẹ̀ wa níbí gbóná, kí ló fẹ́ ṣe fún wa? Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe kọ́ àwọn ọ̀gá wa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnì BMW onísílíńdà mẹ́fà yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ó ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, omi á máa gba ọ̀nà àbùjá kan yípo inú ẹ́ńjìnì kó lè tètè gbóná. Tó bá ti tó nǹkan bíi digírì 90, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, àwo pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì lọ dí ọ̀nà àbùjá yẹn. Ṣé ẹ̀ ń bá mi bọ̀? Tẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́ dànù, kò sí ohun tó máa dí àbùjá mọ́. Omi gbígbóná tó yẹ kó lọ sínú rédíétọ̀ lọ tutù, apá kan nínú ẹ̀ á gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnì pẹ̀lú gbogbo ooru ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kó lè tutù, ẹ tún wá dá kún gbígbóná ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì bọ́ sójú ọ̀nà tó já gaara, ká sọ pé ẹ̀ ń lọ sí Ṣágámù ní ìdájí, òdì kejì ló máa ṣe, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ín ni, á máa da pẹtiróò sí i ní àdàjù. Ẹ̀yin ẹ wo owó pẹtiróò lónìí.

Ẹni tí kò bá dá a lójú pé tẹmọ́sítáàtì ń ṣiṣẹ́, kó so ó mọ́ òwú, kó rì í sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu. Tí kò bá la ẹnu, ẹ ra òmíràn. Ìyẹn ò le rárá.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọkọ̀ bọ̀dá. Mo sọ fún un pé ilé tẹmọ́sítáàtì ló sán, ṣùgbọ́n mi ò ní pààrọ̀ òun nìkan. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ kọ́rẹ́, ó rò pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n gba owó òun. Mo ní kó jókòó kí n ṣàlàyé. Gbogbo ike yẹn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ inú ọkọ̀. Tí mo bá pààrọ̀ èyí tó sán lónìí, pùrẹ́ṣọ̀ máa padà bó ṣe yẹ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti gbẹ tí wọ́n ti ń sinmi láti ọjọ́ yìí torí kò sí pùrẹ́ṣọ̀ á wá rí iṣẹ́ ṣe, èyí tó rẹ̀ jù nínú wọn á bẹ́. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Oníbàárà á wá máa sọ pé mẹ́káníìkì yẹn ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ mẹ́káníìkì ò ṣe nǹkan kan, àtúnṣe ìdajì ló ṣe. Torí náà, tó bá ti dé orí irú ọkọ̀ tó ti dàgbà bẹ́ẹ̀, èmi ò gbà láti ṣe ẹyọ kan: ilé tẹmọ́sítáàtì, tẹmọ́sítáàtì fúnra ẹ̀, wọ́tà pọ́mpù, họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìdérí omi, tí rédíétọ̀ bá sì jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé ìṣẹ́, òun náà. Ilé tẹmọ́sítáàtì alumíníọ̀mù wà, ẹ ra ìyẹn dípò ike. Wọ́tà pọ́mpù tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ jẹ́ irin náà wà. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ béèrè dáadáa, ẹ fọwọ́ yí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó, tuntun ni kẹ́ ẹ rà o, ẹ má ra wọ́tà pọ́mpù tokunbo, ẹni tó yọ ọ́ lára ọkọ̀ àkọ́kọ́ nídìí tó fi yọ ọ́.

Bọ̀dá gbà. Nígbà tí mo yọ wọ́tà pọ́mpù ẹ̀ jáde, mo pè é kó wá wò ó: abẹ̀bẹ̀ ike inú ẹ̀ ti já kúrò lára irin àárín, mo di irin mú, mo fi ìka kan ṣoṣo yí abẹ̀bẹ̀, ó ń yí lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì ń yí pọ́mpù, irin ń yí, omi ò lọ síbì kankan. Kò sí fáànù dáírẹ́ẹ̀tì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe é fúnra yín, ẹ gbọ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó so fáànù ńlá mọ́ wọ́tà pọ́mpù lára BMW yìí, sípánà 32 ló ń gbà, òdì ló sì ń yí, ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Mo ti rí ẹni tó fi òòlù lù ú níbi tó ti ń yí i sí apá tó ń fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́tà pọ́mpù, ẹ má fi sukudiráfà gbọ̀n ọ́n jáde, ẹ máa bu ojú alumíníọ̀mù ẹ̀ ni. Ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, ihò méjì tó ní ojú bóòtù wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, àwọn tó ṣe é ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bóòtù M6 méjì, ẹ wọ̀ wọ́n sí i, ẹ máa fún wọn díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún, pọ́mpù á rọra ti ara ẹ̀ jáde ní títọ́. Tẹ́ ẹ bá ń dá tuntun padà, ẹ fọ ibi tó ń jókòó sí mọ́ tónítóní, ẹ pa omi díẹ̀ mọ́ oríìnì, ìyẹn rọ́bà rìbìtì ara ẹ̀, ẹ má kun gọ́ọ̀mù sí i. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ máa já sínú omi, ó sì máa lọ dí ibi tóóró. Agbára tẹ́ ẹ máa fi fún bóòtù kékeré wọ̀nyẹn ò gbọdọ̀ ju 10 Nm lọ, ẹ má gun orí sípánà, alumíníọ̀mù ni wọ́n wọ̀ sí, tí ojú ẹ̀ bá fi lè lọ, iṣẹ́ ọ̀sán kan ti di ti ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ní Porsche 944 nínú yín, ti 1982 sí 1991, tiyín tún yàtọ̀. Táímìnì bẹ́líìtì, èyí tó ń jẹ́ kí fááfù àti písítínnì máa bára wọn rìn, ló ń yí wọ́tà pọ́mpù tiyín. Tí pọ́mpù bá ń jò tàbí bẹ́ríìnì ẹ̀ ń ké, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi dé Èkó ná, tó bá há tó sì já bẹ́líìtì yẹn, fááfù máa gbá písítínnì. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn pàátì, omi. Omi kànga wa níbí, orí àpáta la kọ́ ìlú yìí lé, omi tó ti inú àpáta wá ní ohun tó máa ń kù sílẹ̀ tó bá gbóná, ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀ títí ojú àwọn páìpù tín-ín-rín inú ẹ̀ á fi dí, omi lásán sì tún máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Dístíìdì wọ́tà ni kẹ́ ẹ rà, àwọn tó ń cháàjì bátìrì ń tà á, ẹ sọ fún wọn pé omi lẹ fẹ́ o, kì í ṣe ásíìdì. Ìdajì omi, ìdajì kọ́ọ̀láǹtì, èyí tí kò ní fọ́síféètì nínú ni BMW ń fẹ́. Ẹ má pò oríṣi méjì pọ̀, àwọn míì máa ń dì pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: kọ́ọ̀láǹtì tẹ́ ẹ bá fà dànù, ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà. Ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ewúrẹ́, ajá, ọmọ kékeré, ẹni tó bá mu ún lè kú.

Atẹ́gùn inú ẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tá a ti ṣe gbogbo nǹkan tó yẹ. Tẹ́ ẹ bá kàn da omi kún un tẹ́ ẹ sì dé e, atẹ́gùn máa há sínú tọ́ọ̀pù, ibi tí atẹ́gùn bá sì wà omi ò sí níbẹ̀. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí ibi tẹ́ ẹ ti ń da omi ga ju ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná ọkọ̀ tàn, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnì, ẹ yí hítà dé ibi tó gbóná jù. Ẹ wá wo ìtòsí ibi tẹ́ ẹ ti ń da omi, ẹ máa rí súkúrù ike kékeré kan, ẹ tú u, ẹ máa da omi díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á máa jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìfóòfó, ẹ má dúró o, ẹ máa dà á lọ títí omi tó ń jáde ò fi ní ìfóòfó kankan mọ́. Ẹ wá dé e, ẹ má fún un jù, ike ni. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná títí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ náà á fi gbóná, torí ìyẹn ló máa fi hàn pé tẹmọ́sítáàtì ti ṣí. Ẹ pa á. Ẹ lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ bù ú kún un tó bá ti lọ sílẹ̀.

Mo ní láàárọ̀ o. Ẹ má ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ má fi àkísà ṣí i, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Omi tó wà níbẹ̀ lè ti kọjá digírì 100, pùrẹ́ṣọ̀ nìkan ni ò jẹ́ kó hó, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí i ni gbogbo ẹ̀ máa di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà ló ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń fara gbá a, torí òun ni ọ̀gá máa rán pé kó lọ ṣí i.

Ẹ jẹ́ n mẹ́nu ba àwọn oògùn ìbílẹ̀ wa náà. Ọṣẹ tá a fi ń lẹ táńkì pẹtiróò tó lu, ó máa ń mú un dúró fúngbà díẹ̀ torí kò sí pùrẹ́ṣọ̀ níbẹ̀, kò sì gbóná. Ẹ ò lè lò ó fún rédíétọ̀. Ata gígún àti funfun ẹyin tí àwọn èèyàn ń dà sí i, òótọ́ ni pé wọ́n lè dí ihò kékeré dé ilé, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ihò tó yẹ yàtọ̀ sí ihò tí kò yẹ, wọ́n á dí méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé òru lẹ wà, tẹ́ ẹ há sáàárín Ewékorò àti Pápálàńtò tí ẹ̀rù ń bà yín, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má sọ pé ó ti san.

Gééjì náà, ẹ má gbára lé e jù. Nínú ọ̀pọ̀ BMW ìgbà yẹn, wọ́n ṣe é kí ọwọ́ ẹ̀ máa dúró sáàárín bí ooru bá tiẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, torí náà ọjọ́ tó bá kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa páàkì sí lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ àárín Pańṣẹ́kẹ́. Tí omi bá sì ti gbẹ tán nínú ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún gééjì lè máa wà nínú atẹ́gùn lásán, kó máa parọ́ fún yín pé kò séwu.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, NATA, ẹgbẹ́ àwa mẹ́káníìkì, ẹ̀yin baba àti ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àwa mìíràn: ẹ jẹ́ ká dáwó jọ, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní pùrẹ́ṣọ̀ tẹ́sítà kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè máa yá lò, kò wọ́n tó owó tọ́ọ̀pù kan. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lò kí wọ́n tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ yìí gbọ́n, wọ́n ń fẹ́ mọ̀, ohun tá a bá sì fi hàn wọ́n ni wọ́n máa ṣe fún ogún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ̀, ẹ̀bẹ̀ tiyín náà rèé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé omi ń dínkù, ẹ má sáré gba ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì lọ lọ́sàn-án gangan tí ẹ́ńjìnì ń jó, ẹ gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa mọ ibi tó ń jò. Tó bá fẹ́ yọ tẹmọ́sítáàtì, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ló máa wá dí ọ̀nà àbùjá. Tó bá yọ pàátì kan, ẹ ní kó fi èyí tó yọ hàn yín, kẹ́ ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti sán.

Ẹ ṣeun, Olóòtú. Bẹ́ ẹ bá rí àyè fún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé apá tẹmọ́sítáàtì kúrò.

Èmi ni tiyín,
Mẹ́káníìkì ọkọ̀ Jámánì kan,
Ọbáńtókò, Abẹ́òkúta.